Ohun Tó Wà Lára Ológbò, Inú Rẹ̀ Ló Ń Lọ

Bí ẹnì kan bá gbé ológbò wá sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Atikori, n'Íjẹ̀bú-Igbó, tó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: kí ló wà lára rẹ̀? Bó bá fèsì pé kò sí nǹkan kan, pé ó kàn ń rùn díẹ̀ ni, tàbí pé láti ìgbà tí òun ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fún òun, omi ò tíì kàn án rí, mo máa ń ní kó gbé e padà lọ sílé. Inú ẹlòmíì kì í dùn sí i. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé mo fẹ́ fi gba owó ni. Ṣùgbọ́n ológbò kì í ṣe ajá, kì í sì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí à ń wẹ̀ láàárọ̀, tí à ń wẹ̀ lálẹ́. Ahọ́n ló fi ń wẹ ara rẹ̀. Bó bá ti jí lójú oorun, ìtọ́jú irun ló máa fi ọ̀pọ̀ àkókò ṣe. Ológbò inú ilé tí ara rẹ̀ yá, tí kò kó sí wàhálà, lè dàgbà kó sì darúgbó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi sí i lára, kò sì ní sí ohun tó máa ṣe é.

Iṣẹ́ ìlera ẹran ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ́fíìsì àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo wà, níbi tí a ti ń gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́, tí a sì ń wo adìẹ tó ń tòògbé. Kò sẹ́ni tó ń sanwó nítorí ológbò nígbà náà. Ológbò kàn wà níbẹ̀ ni, kó lè pa eku níbi tí wọ́n kó kòkó, obì àti gààrí sí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n wá wo ológbò òun, gbogbo àgbàlá ni yóò fi ṣe ẹ̀rín rín. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n tọ́jú, lọ́wọ́ àwọn tó sáré gbé tiwọn wá nígbà tí nǹkan bá dé. Ìyá Ológbò ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí báyìí. Àwọn kan ń pè é tẹ̀ríntẹ̀rín, àwọn kan ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí bí wọ́n bá ti pè é tán, torí ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa àgbà obìnrin tó bá ń sin ológbò dúdú. Dúdú ni tèmi. Mi ò sì lè tìtorí ẹnu ayé kùn ún lẹ́fun.

Ẹ jẹ́ kí ológbò lá ọwọ́ yín wò. Ẹ ó rí i pé ahọ́n rẹ̀ ń ha ara bí ìwé tí káfíńtà fi ń ha pákó. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló wà lórí ahọ́n náà, tí gbogbo wọn kọ ẹnu sí ọ̀nà ọ̀fun. Ní 2018, Alexis Noel àti David Hu ti Georgia Tech ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ṣóńṣó orí àwọn ẹ̀gún náà ní ihò, pé ihò yìí ló ń fa itọ́ láti ẹnu, tó sì ń gbé e lọ dé ìdí irun, níbi tí ahọ́n lásán ò lè dé. Ìyẹn ni ìwẹ̀ rẹ̀. Itọ́ náà tún máa ń tù ú lára nígbà ooru bó ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí ẹ̀gún wọ̀nyẹn kọjú sí. Ohun tí wọ́n bá gbá lára irun, ọ̀fun ni wọ́n ń gbá a lọ. Ológbò ò mọ̀ ọ́n tu dànù. Bó bá tẹ epo, epo ni yóò lá. Bó bá fara nu ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ọ̀dà ni yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí èèyàn bá fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ tí kò ṣan án dáadáa: ọṣẹ náà di oúnjẹ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè ohun tó wà lára rẹ̀. Òórùn àti ìdọ̀tí kọ́ ló ń mú mi gbé omi kaná. Mo ń wẹ ológbò nígbà tí ohun kan bá wà lára rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ lá. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, yóò sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú omi ìwẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù, kì í ṣe èékánná.

Mo ti rí i tí wọ́n da Izal sínú omi ológbò. Mo ti rí Dettol. Ẹni tó ṣe é ò ní èrò burúkú. Ohun tó ń lò fún balùwẹ̀ àti fún ọgbẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló rò pé yóò pa kòkòrò ara ẹran náà. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò dà bí tiwa. Èròjà kan wà nínú ẹ̀dọ̀ èèyàn tó ń ká oró irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ kò, tí ara fi ń tọ̀ ọ́ dànù. Jíìnì tó yẹ kó máa pèsè rẹ̀ fún ológbò ti bàjẹ́ láti ìran àwọn baba ńlá rẹ̀. Ẹran ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í jẹ ewé, àwọn onímọ̀ sì gbà pé àìlò ló sọ jíìnì náà di aláìwúlò. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀dọ̀ wa ń lé jáde láàárín wákàtí mélòó kan, ara ológbò ni yóò dúró sí, tí yóò sì máa bà á jẹ́. Omi apakòkòrò èyíkéyìí tó bá ń di funfun bí wàrà nígbà tí ẹ bá dà á sómi, ẹ gbé e jìnnà sí ológbò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lórí parasitamọ́ọ̀: hóró kan péré lè pa á. Robb àti Aboniki tí à ń fi pa ara, kì í ṣe ti ológbò, bí ó ti wù kó máa sín tó.

Ti apakòkòrò inú ilé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń fi omi là Sniper kí wọ́n lè fi pa eégbọn ara ẹran. Oògùn oko ni Sniper. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré 100ml rẹ̀ káàkiri ọjà, torí ohun tó ń fi ojú àwọn èèyàn pàápàá rí. Ẹni tó bá fi í pa ológbò lára ti fún un ní májèlé mu. Oògùn eégbọn ti ajá náà wà ńbẹ̀: tí ẹ bá rí permethrin lára páálí rẹ̀, ajá lè gbà á, ológbò ò lè gbà á. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, etí rẹ̀ á máa já pì, itọ́ á máa dà, gìrì á tẹ̀ lé e. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ìwẹ̀ di kánjúkánjú: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kì í ṣe gbígbóná, torí ooru máa ń la awọ kí oògùn tún wọlé sí i, ọṣẹ olómi tí à ń fi fọ abọ́, kẹ́ ẹ sì ti máa pe dókítà ẹran bí ẹ ti ń ṣan án lọ́wọ́.

Wọ́n á bi mí pé, ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ìyá tèmi náà ń se é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n eérú èèpo kòkó ló jẹ́ kó le bó ṣe le, òun àti àdín ni wọ́n jọ sè di ọṣẹ, eérú yẹn sì máa ń ta ojú, ó máa ń gbẹ awọ. Awọ ológbò fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sí i nírun, yóò lá a, yóò sì bì. Omo tí à ń fi fọṣọ, kí n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọṣẹ ológbò gan-an rà n'Íbàdàn tàbí n'Íjẹ̀bú-Òde, ó dára. Bí ẹ ò bá rí i, ọṣẹ olómi ti ọmọ ọwọ́, èyí tí kò ní òórùn dídùn púpọ̀, tó ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì kan nínú ife omi ńlá. Èyí tí à ń fi fọ abọ́, epo àti oró nìkan ni mo fi í lé lọ. Kì í ṣe fún ojoojúmọ́.

Nínú gbogbo ohun tó ń gbé ológbò dé ọ̀dọ̀ mi, gọ́ọ̀mù eku ló pọ̀ jù. Láti ìgbà tí gọ́ọ̀mù yìí ti wọ ọjà ni wàhálà dé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí abẹ́ àpò gààrí, eku á lẹ̀ mọ́ ọn, eku á máa ké, kí ni ẹ rò pé ológbò yóò ṣe? Obìnrin aránṣọ kan gbé ọmọ ológbò kan wá láti Òkè-Àgbò lọ́jọ́ kan, gọ́ọ̀mù, páálí àti ewé ìwé ìròyìn ló wé e mọ́ra. “Màámi, ẹ gbà mí o, wọ́n ní kí n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́.” Mo ní, “Ṣé o ti fọ̀ ọ́?” Ó ní rárá, pé òun ní kí òun kọ́kọ́ bi mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹrosíìnì ń tú gọ́ọ̀mù lóòótọ́, àmọ́ ó ń jó awọ, ológbò á sì lá a, èéfín rẹ̀ á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Pẹtiróòlù àti tínà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òróró ló ń tú gọ́ọ̀mù. Òróró ẹ̀pà, èyí tí à ń fi dín dòdò. Ẹ kọ́kọ́ da èlùbọ́ tàbí ìyẹ̀fun díẹ̀ sórí ibi tí gọ́ọ̀mù ti hàn síta, kó má bàa tún lẹ̀ mọ́ aṣọ yín tàbí mọ́ ibòmíì lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ máa fi ìka rá a wọ inú irun náà, díẹ̀díẹ̀, láti etí ibi tó lẹ̀ wọ àárín. Ẹ má fà á. Ẹni tó bá fà á, irun àti awọ ló máa bá gọ́ọ̀mù lọ. Ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí òróró náà ṣiṣẹ́, ẹ fi àkísà nù ún kúrò, ẹ tún da òmíràn sí i. Àárín ìka ẹsẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ lá. Bí gọ́ọ̀mù bá tán, òróró ló kù, ìgbà yẹn ni ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi wọ́ọ́rọ́ kàn. Ẹ má mú sísọ́ọ̀sì. Awọ ológbò máa ń gòkè wá pẹ̀lú irun bí ẹ bá fa irun sókè, tí sísọ́ọ̀sì bá sì ti gé e, abẹ́rẹ́ àti okùn dókítà ló kù. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó ṣe ti aránṣọ yẹn tán, ọmọ ológbò náà sì bú mi ní gbogbo èdè tó gbọ́.

Ìjẹ̀bú-Igbó tún ní ti tirẹ̀ tí ìlú míì lè má ní tó bẹ́ẹ̀: sọ́míìlì. Ìlú igi gẹdú ni wá, ibi tí igi bá wà, óìlì ẹ́ńjìnnì ò jìnnà síbẹ̀. Óìlì tó ti kú, tí wọ́n ń pè ní kọndẹ́mù, wọn kì í dà á nù. Wọ́n ń fi kun pákó àti òpó kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Inú abọ́ tí wọ́n pọn ọ́n sí ni ológbò máa ń kó sí, tàbí kó sùn sórí pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó máa ń dúdú, ó máa ń rùn, ó sì ní àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ti inú ẹ́ńjìnnì wá nínú. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe omi. Ẹ fi táwẹ̀lì tàbí ìró àtijọ́ wé e láti ọrùn dé ìdí, kí orí nìkan yọ síta, kó má lè lá ara rẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń wá ohun èlò. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu èyí tó bá nù, ẹ bu èlùbọ́ lé e kó fa òmíràn mu, ẹ gbọn ọ́n dànù, kí ọṣẹ ìfọbọ́ tó dé. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Bó bá jẹ́ pé ó ti lá púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fún un ní epo pupa mu kó lè bì í: bíbì ló máa gbé óìlì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ni kẹ́ ẹ wá.

Epo pupa lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi aṣọ nù ún, kó lá èyí tó kù. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tán. Bó bá jìn sí ṣaláńgá tàbí sínú gọ́tà ọjà, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ má bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Gbogbo èèyàn ló gbà pé ológbò kórìíra omi. Nígbà tí iṣẹ́ bá gbé mi dé Ìwòpin, létí ọ̀sà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, mo máa ń rí ológbò tó ń tẹ omi létí ibi tí ọkọ̀ ẹja ń gúnlẹ̀ sí, tí omi dé orúnkún rẹ̀, tó ń wá ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbọ̀n kúrò nínú àwọ̀n. Kò sẹ́ni tó tì í síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ìran rẹ̀ ti wá: ológbò igbó ti Àríwá Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ tó yí Jẹ́rúsálẹ́mù ká ni baba ńlá gbogbo ológbò ilé, àwọn èèyàn erékùṣù Cyprus sì ti sin ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn kan ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, ìbátan rẹ̀ kan wà ní Éṣíà tó ń lúwẹ̀ẹ́ láti pẹja jẹ. Lójú tèmi, ohun tí ológbò kórìíra gan-an ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yọ̀, kí wọ́n ká a mọ́, kí omi máa já bọ́ lù ú láti òkè, kí ariwo sì pọ̀. Ẹ̀yìn ológbò kì í kanlẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹran tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn òun kanlẹ̀, ẹ wá dá a dùbúlẹ̀ sínú ike tó ń yọ̀, ẹ sì ń retí pé kò ní ya yín.

Nítorí náà, àpò ìrẹsì àtijọ́ tàbí táwẹ̀lì tó ti gbó ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú báàfù mi. Kí èékánná rẹ̀ rí nǹkan dì mú. Omi inú báàfù ò gbọdọ̀ ju ibi tí ikùn rẹ̀ mọ lọ, ó sì gbọdọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ológbò tó dé: ẹ má fi páípù pọn ọ́n lójú rẹ̀. Ẹ tún gbé omi ìṣanra sí ike méjì míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, torí bẹ́ ẹ bá dìde lọ wá omi, ológbò náà á dìde. Ooru omi, ìgúnpá ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò bí ẹ ti ń ṣe fún ọmọ tuntun. Ara ológbò gbóná ju tiwa lọ, ó wà láàárín 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí náà omi tó bá tutù sí yín díẹ̀, òtútù gidi ni sí i. Omi kànga ní àárọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe fún un. Ọ̀sán gangan ni mo máa ń wẹ̀ wọ́n, oòrùn sì ti máa ń bá mi mú omi náà lọ́ díẹ̀ kí n tó fi gbígbóná kún un.

Ẹ ti gé ṣóńṣó èékánná rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ibi funfun nìkan, ẹ má dé ibi pupa. Ẹ ti ya irun rẹ̀ pẹ̀lú. Bí irun tó ti lọ́ pọ̀ bá kan omi, koko ló máa dì, a ò sì ní lè tú u mọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ẹni méjì ló dára, kí èyí tó mọ̀ jù lọ di èjìká àti àyà rẹ̀ mú, kó kọjú rẹ̀ sí ògiri, kí èkejì máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé àgbà ológbò ní awọ ọrùn sókè. Ìyá rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tí kò tíì wúwo. Báyìí, ó ń dùn ún. Tí eégbọn kéékèèké tó ń fò bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ yí ọrùn rẹ̀ ká kẹ́ ẹ tó rin ìyókù, torí bí omi bá ti kan ẹ̀yìn, orí ni gbogbo eégbọn máa sá lọ, sí ojú àti etí, níbi tí a ò lè gbé ọṣẹ dé. Ife kékeré ni kẹ́ ẹ fi máa bu omi, kẹ́ ẹ gbé ẹnu ife náà kan irun, kó máa ṣàn sílẹ̀ láìhó. Láti ọrùn lọ sí ìdí. Ojú rẹ̀, aṣọ tútù tí ẹ fún gbẹ ni. Omi ò gbọdọ̀ wọ etí.

Ẹ má fi kànrìnkàn ha á, ọwọ́ tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àkókò ṣòfò sí ọṣẹ, wọ́n á wá sáré ṣan án torí ológbò ti ń binú. Òdìkejì ni tèmi. Ọṣẹ díẹ̀, ìṣanra púpọ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ sí abẹ́ apá, itan àti abẹ́ ikùn, kí ara rẹ̀ má yọ̀ mọ́, kí omi tó ń kúrò lára rẹ̀ mọ́ bó ti mọ́ nínú ife. Ẹ rántí ẹ̀gún ahọ́n yẹn. Bẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tí ẹ ò ṣan kúrò ni yóò lá.

Táwẹ̀lì méjì. Kí àkọ́kọ́ fa omi, kí èkejì wé e. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má rá a. Fáànù kì í ṣe ohun tí à ń fi gbẹ ara rẹ̀, ó ń mú òtútù wọlé. Ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun, ariwo rẹ̀ nìkan tó láti ba ọjọ́ náà jẹ́. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ kọjá, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ó parí. Kò ní bá yín sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè gbé ológbò onírun gígùn wá, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà wá láti Èkó báyìí. Ó ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lòun ń wẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ irun rẹ̀ ń ṣù, awọ rẹ̀ sì ń bó. Mo ní kó gbé omi tì, kó ra kóòmù. Irú èyí, ojoojúmọ́ ni kí wọ́n ya irun rẹ̀, kí ahọ́n má bàa kó irun náà wọ inú, kó di koko nínú ikùn. Ìwẹ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ṣan òróró ara rẹ̀ lọ. Mo tún sọ fún un pé ológbò tó bá ti dẹ́kun àtilá ara rẹ̀, tí ẹ̀yìn àti ìdí rẹ̀ wá ń dọ̀tí, ìwẹ̀ kọ́ ló ń wá. Ó lè jẹ́ eyín ló ń dùn ún, ó lè jẹ́ oríkèé, ó lè jẹ́ pé ó ti sanra débi pé kò lè yí ọrùn dé ẹ̀yìn mọ́, ó sì lè jẹ́ kíndìnrín. Ẹni tó bá wẹ irú rẹ̀ mọ́ tónítóní ti nu ìwé ẹ̀sùn àìsàn náà rẹ́.

Mi ò kì í wẹ ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bí kò bá pọn dandan, torí òtútù tètè ń pa wọ́n. Aṣọ tó rin díẹ̀ ni mo fi ń nù wọ́n. Èyí tí oyún rẹ̀ ti gbó, mo máa ń fi í sílẹ̀. Èyí tí làpálàpá wà lára rẹ̀, dókítà ló máa fún un ní ọṣẹ tirẹ̀, tó ní miconazole àti chlorhexidine nínú, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, nítorí orí àwọn ọmọ yín ni làpálàpá náà tún máa bà lé.

Ti eégbọn tó ń fò yẹn ò parí sínú báàfù. Èyí tó wà lára ológbò kéré sí èyí tó wà nínú ilé. Ẹyin rẹ̀ máa ń já bọ́ sórí ẹní, sábẹ́ àga, sínú ìlà ilẹ̀ pákó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà. Ẹ sá ẹní sóòrùn gidi, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, ẹ gbá abẹ́ ibùsùn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ sì da ìdọ̀tí náà jìnnà sílé. Oògùn tí à ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn wà, fipronil tàbí selamectin, ti ológbò ni kẹ́ ẹ rà, ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n ń kán an sí torí ahọ́n ò lè dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méjì wà láàárín rẹ̀ àti omi, ṣáájú àti lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí hóró ìrẹsì ní ìdí rẹ̀, aràn ni: eégbọn tó fi ahọ́n gbé mì ló gbé aràn náà wọlé fún un. Oògùn aràn àti oògùn eégbọn jọ ń lọ ni. Ẹni tó bá fún un ní ọ̀kan, tó fi èkejì sílẹ̀, yóò tún padà wá.

Bó bá ya yín, tàbí tó gé yín jẹ, ẹ gbé e sílẹ̀ kó lọ, ẹ má bá a jà. Eyín ológbò tín-ínrín, ó máa ń wọlé jìn, ojú ọgbẹ́ á sì pa dé kíákíá, èyí tó wà nínú á máa wú. Ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ omi tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, pàápàá bó bá jẹ́ oríkèé ìka ló gé jẹ tàbí bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá ológbò náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Tèmi ti gba tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ológbò náà ló nílò dókítà, ọsibítù ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti yunifásítì àgbẹ̀ wà ní Alábàtà, l'Ábẹ́òkúta, bí ọ̀nà Ìbàdàn bá sì dára lọ́jọ́ náà, ẹ lè lọ kí ẹ sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ má gbé e mọ́ra nínú ọkọ̀ èrò.